Ọdẹ́jìnmí ní Ìlú Eérú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u nísinsìnyí. Ẹni tó bá ní ẹ̀wà lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ pa yìí kò fẹ́ ẹni tí yóò máa wẹ̀yìn. Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, mo ti rí nǹkan láyé. Mo ti bá ẹfọ̀n jà lẹ́tí odò. Mo ti sùn sínú ihò tí òjòlá ń sùn sí, èmi àti òjòlá jọ jí láàárọ̀, a kí ara wa, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi òjòlá. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jìnmí ni, Olúọdẹ wa àná, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ nínú oko bàbá wa. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi. Irọ́ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́jìnmí pa láyé rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ irọ́ náà.

Ẹ mọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ pápá ni, ilẹ̀ igi ẹmí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, àti bẹẹrẹ. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ dé, koríko ibí a gbẹ débi pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rò pé egungun ẹja gbígbẹ lẹ̀ ń tẹ̀. Ènìyàn sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Abúlé kò jìnnà sí abúlé, bẹẹrẹ tó ń jó lóko náà la sì ń gé wá bo ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi dá iná ìṣọ́ sílẹ̀. Bí òjò ìkẹyìn bá ti rọ̀ tán, tí orí koríko gbẹ ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, Olúọdẹ yóò sun pápá yí ìlú ká. Iná náà yóò máa rá pálá bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi dé, kò ní sí ohun tí iná ọ̀nà jíjìn máa jẹ wọ ìlú.

Àṣà kejì tún wà. Bí Olúọdẹ bá kú, ọdẹ kankan kò gbọdọ̀ ṣá iná sí igbó títí a ó fi ṣe ìpà fún un, èyí tí a fi ń yọ òkú ọdẹ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn alààyè. Dáwódù rẹ̀ ni yóò sì gbé ẹrù ìpà lọ sínú igbó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìpà, Olúọdẹ tuntun yóò dá lọ síbi tí ẹrù náà wà, òun nìkan, yóò sì dá iná àkọ́kọ́ níbẹ̀ láti fi yẹ́ òkú náà sí. Àṣà méjèèjì ló dára. Kò sẹ́ni tó rò ó rí pé wọ́n lè pàdé lójú ọ̀nà tóóró.

Wọ́n pàdé lọ́dún tí Ògúndíran kú. Ọjọ́ tí òjò ìkẹyìn rọ̀ gan-an ni Olúọdẹ Ògúndíran dákẹ́. Dáwódù rẹ̀ wà lókè odò lọ́hùn-ún, a ránṣẹ́ sí i, ó ń bọ̀, ó já sí kòtò lọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. A dúró dè é. Oṣù kìíní lọ, ìkejì lọ, ìkẹta lọ. Pápá ń gbẹ, a ń wò ó, a kò gbọdọ̀ ṣá iná sí i. Nígbà tó fi dé tí ìpà parí, ọyẹ́ ti mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè gbogbo wa fi la. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà ní kí a má dá iná ìṣọ́ lọ́dún yìí mọ́, kí a má sì dá iná òkú, wọ́n ní ọkọ́ ni kí a fi ro ẹ̀yìn ìlú. Ọdẹ́jìnmí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè Olúọdẹ gbà pẹ̀lú wọn. Ẹnu rẹ̀ ló gbà. Ògúndíran ló tọ́ ọ. Ọwọ́ Ògúndíran ló ti kọ́kọ́ jẹ ẹran ìgbẹ́. Ó ń bi ara rẹ̀ pé báwo ni a ó ṣe gbọ́ ọ pé irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ lọ, tí a kò dá iná kan ṣoṣo yẹ́ ẹ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dá lọ. Ilẹ̀ dákẹ́, ewé kan kò mì. Ó ṣáná sí ìdí bẹẹrẹ kan, ó di ẹ̀ka tútù mú lọ́wọ́ láti fi lù ú pa bó bá fẹ́ ṣe orí kunkun. Iná náà rá pálá gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Inú Ọdẹ́jìnmí dùn, ó kí ọ̀gá rẹ̀ pé ó dàárọ̀. Àárín ìkíni yẹn ni afẹ́fẹ́ dìde.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí tó kù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ìlú ti tán. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló bá a lọ. Àṣàbí wà nínú wọn, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́jìnmí àti Ìgbàyílọlá ìyàwó rẹ̀ bí, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òkú àwọn yòókù la rí sin. Ti Àṣàbí, a wá a títí, a kò rí i.

A péjọ sínú èéfín, wọ́n ń bèèrè pé ta ló ṣá a. Ọdẹ́jìnmí la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wí fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n òun, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀nà bóyá ọmọ yóò yọ, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni orúkọ Láṣebìkan. Ẹni jẹ́jẹ́ ni Láṣebìkan, oyin ló ń fà, ògùṣọ̀ ló sì fi ń lé oyin kúrò nínú afárá. Inú igbó ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ògùṣọ̀ lọ́wọ́, èédú lójú. Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. A lé e jáde nílùú, òun àti ìyàwó rẹ̀, ó pọn ìyá rẹ̀ arúgbó sẹ́yìn. Èmi náà sọ òkò. Mo sọ méjì.

Láti ọjọ́ náà ni Ìgbàyílọlá ti ń ti abúlé dé abúlé, ó ń bèèrè ọmọ. Ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ọdẹ́jìnmí kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Ìyá mi tó bí mi lọ́mọ, tó ti gbó títí tó fi gbàgbé iye ọjọ́ orí rẹ̀, ló pè é lọ́jọ́ kan. Ó ní ẹni tí iná pápá bá jẹ kì í lọ sọ́run tààrà, Ìlú Eérú ni wọ́n ń dúró sí, lẹ́yìn Igbó Aláìléwé. Wọ́n ń retí nǹkan kan níbẹ̀, òun kò mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ọdẹ́jìnmí kò bèèrè ju ọ̀nà lọ. Ó ní bí Àṣàbí bá wà lábẹ́ ọ̀run yìí, òun yóò gbé e wálé fún ìyá rẹ̀. Ó gbé ìbọn, ó gbé kèrègbè omi, ó di àádùn sápò, ó lọ.

Igbó Aláìléwé! Èmi tí mo ń fọ́nnu yìí, mo dé etí igbó náà lẹ́ẹ̀kan, mo yà sí ọ̀nà mìíràn. Igi dúdú ni gbogbo rẹ̀, kò sí ewé, kò sí òjìji. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ yín á dúdú fún ọjọ́ méje. Ẹyẹ ibẹ̀ kì í ké, wọ́n ń wúkọ́ ni. Gbogbo ẹran tí ọdẹ ti fi iná lé rí láyé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n sì fi ń rìn. Wọ́n yọ sí Ọdẹ́jìnmí lọ́tùn-ún lósì, ìgalà, ehoro, ẹtu, wọn kò bá a jà, wọ́n kàn ń wò ó. Ó ní ìjà ìbá sàn.

Abo ọ̀yà arúgbó kan ló jókòó sẹ́nu ibodè, ó fi àkísà wé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nítorí iná ti jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ọdẹ kì í kọjá láìjá àlọ́. Ó ní: “A pè é wá sílé, ó bá wa sè. A pè é lọ sóko, ó bá wa ṣán. Ọjọ́ tó dá ara rẹ̀ wá, a sá. Kí ni?”

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín. Ó ní iná ni.

Arúgbó náà mi orí. Ó ní iná kọ́, nítorí iná kì í dá ara rẹ̀ wá. Ó ní bí ó bá lè dárúkọ iná kan tó dá ara rẹ̀ wá nígbà ọyẹ́, kó kọjá kó má ṣe dúpẹ́. Ọdẹ́jìnmí ronú títí, ó ní iná àrá ńkọ́? Ọ̀yà bi í pé ìgbà wo ló gbọ́ àrá nígbà ọyẹ́ rí.  Ọkùnrin tó lè dárúkọ gbogbo ewé inú igbó kò rí èsì kan fún ọ̀yà tí òun ìbá ti fi sínú ìkòkò lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Arúgbó náà sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un. Ó ní ẹni tí kò rí ẹni dá lẹ́bi mọ́ lè kọjá.

Lẹ́yìn igbó ni ó bá ọkùnrin gíga kan lójú ọ̀nà, gbogbo ara rẹ̀ funfun báláú, ètè rẹ̀ la yánnayànna. Ó dínà. Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Inú bí Ọdẹ́jìnmí bó ṣe rí i. Ó ju ìbọn sílẹ̀, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní ìwọ lo yí lé mi lórí, ìwọ lo pa ọmọ mi. Wọ́n wọ ìjàkadì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí tí ẹ ń pe rírìn lọ sódò ní iṣẹ́, ẹ bá wa gbọ́: ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí di àfonífojì. Ọyẹ́ gbé e sójú ọ̀run, ó gbá a mọ́lẹ̀, awọ ara Ọdẹ́jìnmí bó, omi inú kèrègbè rẹ̀ gbẹ láìjẹ́ pé ó dà. Ìgbà tó gba Ọyẹ́ mú lẹ́sẹ̀ tó sì dá a délẹ̀, ó rí i pé Ọyẹ́ ń sunkún, ṣùgbọ́n omijé rẹ̀ kì í dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó tó gbẹ.

Ọyẹ́ ní: “Gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé mo yí. Láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀, ọ̀nà kan náà ni mò ń gbà wá, oṣù kan náà ni mò ń dé. Ẹ̀yin lẹ ń rò pé n kò ní wá lọ́jọ́ tiyín.”

Ọdẹ́jìnmí fi í sílẹ̀. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun rọ̀. Ọyẹ́ yà fún un, Ọdẹ́jìnmí sì wọ Ìlú Eérú.

Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ eérú dé kókósẹ̀, ó sì gbóná. Obìnrin kan ló ń gbá a pẹ̀lú ìgbálẹ̀, Ìyá Agbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Agboolé ló kún ibẹ̀ lọ súà, ojú kò tó òpin wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí iná pápá ti jó rí lórí ilẹ̀ wa ní agboolé tirẹ̀. Ọdẹ́jìnmí rò pé tiwa ni àkọ́kọ́. Gbogbo ẹni tó ń dé ibẹ̀ ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Ìyá Agbálẹ̀ mú un rìn. Agboolé tó ti pẹ́ jù ṣófo, wọ́n ti gbá a mọ́ tónítóní. Láyé tí òkúta la fi ń ṣá iná ni ìlú náà jó. Obìnrin kan tó ń yan ẹmí gbàgbé ààrò rẹ̀, ìlú sì lọ sí i, ṣùgbọ́n ó jáde lọ́jọ́ kejì, ó ní èmi ni. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò lo ọjọ́ márùn-ún níbí tí wọ́n fi kọjá sọ́run. Agboolé tó tẹ̀ lé e kún dẹ́nu. Àgbẹ̀ kan ló sun oko, ó ní àrá ni, ó sì kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà nínú. Ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún wà níbẹ̀ títí di òní, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń pa àgbò nílé lọ́dọọdún, wọ́n ń bẹ àrá kó má bínú mọ́. Wọ́n dé agboolé kan tí apá kan rẹ̀ ṣófo tí apá kan kún. Ọdẹ mẹ́ta ló jọ sun pápá yẹn nítorí ọ̀yà, méjì jẹ́wọ́, ọ̀kan kò jẹ́wọ́. Wọ́n ṣáà ń lọ bẹ́ẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ ilé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni Ọdẹ́jìnmí ti ń dẹ ìgbẹ́ láti kékeré, ó máa ń rí àpáàdì wọn nílẹ̀, kò bi ara rẹ̀ rí pé ta ló ní ìkòkò náà.

Ìyá Agbálẹ̀ ní bí ẹni tó ṣá iná bá sọ ọ́ lórí ilẹ̀ ilé rẹ̀, létí àwọn tó ṣẹ́kù láàyè, òkú á kọjá sọ́run, a kò sì ní rí wọn mọ́. Bí kò bá sọ ọ́, wọn ó dúró. Ẹni tó bá sì fẹ́ lè jókòó tì wọ́n títí láé, kò sẹ́ni tí yóò lé e.

Ibi tí wọ́n kọjú sí kẹ́yìn ni agboolé tiwa. Bí wọ́n ti rí Ọdẹ́jìnmí, wọ́n hó fún ayọ̀. Akínlàjà tí ògiri ilé wọn kan ara ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Ó ní Olúọdẹ, ẹ kú ewu, ẹ kú ìrìn, ṣé ẹ ti rí ẹni tó ṣe é? Ọ̀kan nínú wọn ní wọ́n gbọ́ pé Láṣebìkan ni. Akínlàjà ní kò lè jẹ́ òun, Láṣebìkan tó máa ń da omi sí ògùṣọ̀ rẹ̀ tó tún máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń sọ ọ̀kan kalẹ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ pẹ́. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àṣàbí dá jókòó sẹ́yìn ògiri. Ó ní: “Bàbá, ẹ ti dé.”

 Ọdẹ́jìnmí kúnlẹ̀ sínú eérú. Ọmọ náà fà á mọ́ra, ó wá sọ̀rọ̀ sí i létí kí àwọn yòókù má baà gbọ́. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyá òun rí i pé bàbá òun lọ láìjẹun, òun sì gbé ẹ̀kọ tẹ̀ lé e láìsọ fún ìyá òun. Òun rí i níbi tó ti ń ṣáná. Òun fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n òun rántí pé wọn kì í pe Olúọdẹ bó bá wà lẹ́nu ètùtù, òun sì jókòó sínú bẹẹrẹ kó parí.

“Wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ níbí,” ni ọmọ náà wí. “Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Ẹ má sọ fún wọn, Bàbá. Wọ́n máa bínú sí yín.”

Ẹ̀yin ará ilé mi, mo ti gbọ́ ohun tí ẹranko ń ké nígbà tí ọta bá wọ inú rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní ohùn yẹn ló jáde lẹ́nu òun. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó ní kò sí òfin tí yóò mú òun, ó doríkọ ibodè. Ní ìṣísẹ̀ kẹta, ó rí i pé ọmọ náà ń fúyẹ́. Ó wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ Àṣàbí ti ń dà sílẹ̀ bí eérú tó ti inú ajádìí agbọ̀n ń dà. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá, bàbá àti ọmọ wá jọ ń fọwọ́ kó ọmọ ìka ẹsẹ̀ jọ, wọ́n ń tò ó padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ náà ní: “Ẹ jókòó tì mí, Bàbá.”

Ó jókòó. Kò sí oòrùn níbẹ̀, n kò lè sọ fún yín bó ṣe pẹ́ tó. Ó pàlọ́ fún un, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó kó irun rẹ̀ bó ti mọ̀ ọ́n kó, kò sì dára, ọmọ náà ní ó dára. Ọdẹ́jìnmí ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ibí náà ti tó òun, kí ayé máa bá tirẹ̀ lọ, kí Láṣebìkan ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń pàlọ́, ó ń rí i tí Àṣàbí ń gbé ẹsẹ̀ kan lé orí ìkejì, tó tún ń pa wọ́n dà. Ó bi í bóyá ilẹ̀ ń jó o. Ọmọ náà ní rárá, kò jó òun púpọ̀, ti Akínlàjà ló jù.

Ìgbà náà ni Ọdẹ́jìnmí dìde. Àṣàbí di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ó ní òun kò ní bèèrè nǹkan mìíràn mọ́, kó ṣáà jókòó. Ọdẹ́jìnmí tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí òun fi kọjá ibi tí Ọyẹ́ ti dínà.

Ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ ọjà ni. Kò yà sílé, kò mu omi. Ó dúró sí àárín ọjà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní èmi ni mo ṣá a, Láṣebìkan kò mọ nǹkan kan, mo purọ́ mọ́ ọn.  Mo rántí pé mo ń wo ọwọ́ ara mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa bí a ó ṣe wo ojú òtítọ́ bó bá dé. Àwọn àgbà gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Láṣebìkan kó máa bọ̀ wálé, ó dáhùn pé ìyá òun kú sí ojú ọ̀nà lórí ẹ̀yìn òun, òun kò lè gba ọ̀nà náà padà. Láti ọdún náà ni a ti ń dá iná ìṣọ́ nígbà tó yẹ, ìbáà jẹ́ pé òkú Olúọdẹ wà nílẹ̀. Ohun tí a fi kọ́ ọgbọ́n nìyẹn, ẹ kò sì ní bá mi pè é ní èrè.

Ìgbàyílọlá ìyàwó rẹ̀ dúró títí ọjà fi tú. Ó wá jókòó tì í lórí ilẹ̀. Kò bú u. Ó ní kó sọ gbogbo rẹ̀ fún òun, bí ọmọ ti rí, ohun tó wí, bó ti kó irun rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí sọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ ti di ṣòkòtò rẹ̀ mú, tó ní kó jókòó, obìnrin náà dá a dúró.

Ó ní: “Ẹ sì dìde.”

Ọdẹ́jìnmí ní: “Mo dìde.”

Ìgbà náà ni Ìgbàyílọlá bú sẹ́kún, ẹkún àkọ́kọ́ tó sun láti ọjọ́ iná. Ó sun ún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó tú ẹrù Àṣàbí, ó kó aṣọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ aládùúgbò tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Kò lọ sí abúlé kankan lọ bèèrè ọmọ mọ́.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, kí kálukú lọ wo ìdí ààrò rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀la. Nísinsìnyí ni.